Gééjì Gbẹ: Bí Dókítà Mögerle Ṣe Wọn Ọ́ìlì ní Oberlauben

Bí ẹ bá dé ìlú Oberlauben, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ. Dókítà Ottokar Mögerle nìyẹn, olórí ìlú láti ọdún méjìlá. Ẹ má sì gbàgbé "Dókítà" yẹn o, nítorí ìyàwó rẹ̀ gan-an kì í gbàgbé rẹ̀ nígbà tó bá ń pè é wá jẹun. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ìwé olójú-ewé irínwó lé méjìlá ló kọ ní yunifásítì lórí ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti gbá ilé, pé bí ayálégbé méjì bá jọ ń gba àtẹ̀gùn kan, ta ló yẹ kó gbá ìdajì àárín. Ìwé náà kò sọ ẹni tó yẹ kó gbá a títí tó fi parí. Ṣùgbọ́n ó nípọn, wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá.

Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí Dókítà sùn: ó fẹ́ di Olórí Ẹkùn, ẹni tó ń darí gbogbo ìlú tó wà ní àgbègbè náà. Olórí Ẹkùn tó wà níbẹ̀ ń fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ẹkùn mọ́kànlélógójì ni yóò sì dìbò yan ẹlòmíràn, Dókítà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ Ajé ni ìdìbò náà, ọjọ́ kejì ayẹyẹ ọkọ̀ àtijọ́ ti Oberlauben. Ní ti Dókítà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ti ra bàtà tí yóò wọ̀ lọ síbi àga náà. Ó ti lọ wọn fèrèsé ọ́fíìsì náà fún kọ́tìnì, nígbà tí onílé ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń mu kọfí.

Ẹni kejì tí ẹ ní láti mọ̀ ni Alwin Knapp, akọ̀wé rẹ̀, tóun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ẹkùn. Iṣẹ́ Knapp ni kó di agboorùn mú, kó sì máa tún ìdí gbólóhùn ọ̀gá rẹ̀ sọ. Bí Dókítà bá ní "òjò yóò rọ̀," Knapp á ní "yóò rọ̀!" Bí oòrùn bá wá ràn, Knapp á ní òjò ló bẹ̀rù Dókítà. Ó ku ọdún méjì kó gba owó ìfẹ̀yìntì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọbẹ̀ náà nù nígbà tó ti ń hó.

Ọkọ̀ eré ìje kan wà ní ìlú náà, aláwọ̀ ewé, kúkúrú, tó gbẹ́nu sílẹ̀ tó gbé ìdí sókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Lorle ni wọ́n ń pè é. Ìyá àgbà kan, Hedwig Rauscher, ló fi sáré gun òkè Lauben ní ọdún 1971, tó fi gbogbo ọkùnrin ẹkùn náà sílẹ̀ nínú eruku. Nígbà tí Mama Hedwig pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un mọ́ láti wọ inú ọkọ̀ náà, ó fi ta ìlú lọ́rẹ. Dókítà wo ọkọ̀ náà, ó rí ìbò ogójì nínú rẹ̀. Òun fúnra òun ni yóò wà á gun òkè lọ́jọ́ Àìkú ayẹyẹ, níṣojú gbogbo ìgbìmọ̀ ẹkùn. Ta ni yóò rí ọkùnrin tó jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò lọ dìbò fún ẹlòmíràn?

Ṣùgbọ́n Dókítà kì í ṣe nǹkan ní wẹ́rẹ́. Ó pàṣẹ pé kí ayẹyẹ ńlá náà tó dé, wọn yóò máa wọn ọ́ìlì Lorle ní gbangba ọjà, ní iwájú gbọ̀ngán ìlú, ní aago mọ́kànlá gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ onífèrè yóò fọn fèrè. Ìlú yóò fún gbogbo ènìyàn ní brezel, búrẹ́dì tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí wọ́n fi bọ́tà sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí ènìyàn wọ́n níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Dókítà jáde pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n oyè wúrà lọ́rùn àti ìbọ̀wọ́ funfun. Ó gun àpótí kan.

"Ẹ̀yin ènìyàn Oberlauben!" ó ké. "Ìjọba tó bá mọ bí ọ́ìlì rẹ̀ ti pọ̀ tó, ó mọ bí ìfẹ́ ará ìlú ti jìn tó!"

"Ti jìn tó!" ni Knapp wí.

"Kí ni ọ́ìlì? Ọ́ìlì ni ìwà pẹ̀lẹ́ irin! Kí ni gééjì? Ẹ má rí i bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ lásán tí wọ́n ń tì bọ inú ọ́ìlì. Gééjì ni ojú ìjọba tó ń wọ inú òkùnkùn lọ!"

"Òkùnkùn lọ!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́.

Obìnrin kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Gerlinde Wurster lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá mẹkáníìkì ní ọgbà iṣẹ́ ìlú, ẹni tí Mama Hedwig fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìtọ́jú Lorle láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí ìbọ̀wọ́ funfun na ọwọ́ sí gééjì, ó sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Wọn kì í wọn ti Lorle báyìí."

"Wọn kì í kí ni?"

"Ọkọ̀ yòókù, tẹ́ ẹ bá pa á tó sinmi, ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ti Lorle yàtọ̀. Táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀ dá wà lọ́tọ̀. Tó bá ti dúró tó tutù, ọ́ìlì á rọra sọ̀ kalẹ̀ láti inú táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì, gééjì á gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì pé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wà á kó gbóná dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ká wá fa gééjì yọ. Ohun tó bá sọ nígbà yẹn lòótọ́."

Dókítà yíjú sí àwùjọ, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń fi ohun ìyanu han ayé.

"Ẹ gbọ́ o! Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́! Ṣé dókítà máa ń sọ fún aláìsàn pé kó máa sá eré lọ, kóun máa sáré tẹ̀ lé e láti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn kún fún brezel.

"Ìlànà ìlú, apá kẹrin, tí èmi fúnra mi kọ," Dókítà ń bá a lọ. "Gbogbo ọkọ̀ tó jẹ́ ti ìlú, tútù ni ká wọ̀n ọ́n, pípa ni ká pa á."

"Dókítà, ọkọ̀ akólẹ̀ lẹ kọ ìyẹn fún."

"Ṣé Lorle kì í ṣe ọkọ̀ ìlú ni?"

"Ti ìlú ni, ṣùgbọ́n—"

"Ó parí!"

"Ilẹ̀ ibí gan-an dagẹrẹ, sà. Ẹ wò ó, imú rẹ̀ ń wòkè."

"Nínú àwòrán ilẹ̀ ìlú," ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń ṣàánú òpè, "ọjà yìí tẹ́jú."

Ó tẹ́jú nínú àwòrán lóòótọ́. Ní ọjọ́ ọjà, èso ápù tó bá bọ́ lórí àtẹ níwájú gbọ̀ngán ìlú máa ń yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà olóògùn òyìnbó ní ìsàlẹ̀. Olóògùn náà kò tíì fowó ra ápù láti ogún ọdún.

Dókítà fa gééjì yọ. Ó gbé e sókè kí oòrùn lè rí i. Ó gbẹ furúfurú.

"Háà!" ni gbogbo ọjà wí.

"Ẹ rí i!" ni Dókítà kígbe, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí owó he. "Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ yìí kú! Ta ló gbà á là?"

"Dókítà ni!" ni Knapp wí.

Wọ́n da ọ́ìlì sí i títí gééjì fi tutù dé àmì òkè, lítà mẹ́ta gbáko. Ẹ̀wọ̀n oyè Dókítà bọ́ sínú ìṣàn ọ́ìlì náà bó ṣe tẹ̀ ba, àwọn onífèrè sì rò pé apá kan ètò ni, wọ́n fọn fèrè sí i.

Gerlinde kò jà. Ní ilẹ̀ náà, òfin wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba: bí ọ̀gá rẹ bá pàṣẹ ohun tí o mọ̀ pé kò tọ́, o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fún un. Bí ó bá ṣì ní kí o ṣe é, kó fọwọ́ sí i pé ọrùn òun ló wà, wàá sì ṣe é. Gerlinde kọ tirẹ̀ sórí ìwé kan, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó bá Dókítà níwájú dígí, ó ń dán ojú wò fún àwòrán tí wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì Olórí Ẹkùn. Ó ti dán ojú àánú wò, ó kù ú ku ojú ọgbọ́n.

"Kí nìyí?" ó béèrè, kò yíjú.

"Ìwé nípa ọ́ìlì, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i."

"Obìnrin yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo ìwé mélòó lo rò pé mò ń fọwọ́ sí? Tí mo bá ní kí n máa kà wọ́n, ta ni yóò ṣe ìjọba?"

Ó fi kálámù wúrà rẹ̀ fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí tó ní ìrù mẹ́ta. Knapp tẹ òǹtẹ̀ lé e. Gerlinde ká a, ó fi í sí àpò àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó di ọjọ́ Ẹtì kejì. Fèrè, brezel, àpótí, ìbọ̀wọ́. Lorle kò kúrò lójú kan láti ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó máa ń lọ. Dókítà fa gééjì yọ. Ó gbẹ.

Ó ranjú mọ́ ọn. Ẹ mọ ohun tí ẹni tó gbọ́n yóò rò. Dókítà ro nǹkan mìíràn.

"Olè!" ó bú sí igbe. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n ti jí ọ́ìlì wa!"

"Jí ọ́ìlì wa!" ni Knapp wí.

"Lítà mẹ́ta! Ẹ wo ìwà ìkà! Ta ló lè ṣe irú èyí? Mi ò dárúkọ ìlú kankan. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà nísàlẹ̀ odò, tí olórí wọn náà ń du ipò Olórí Ẹkùn, tí orúkọ ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Unterlauben!"

Ariwo sọ. Ìyáàfin Irmela Gaiser, olórí ìlú Unterlauben, wà ní ilé rẹ̀ lásìkò náà, ó ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun fún Maultaschen, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ki ẹran sínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló gbọ́ pé òun ti di olè ọ́ìlì. Ó béèrè irú ọ́ìlì wo ni, bóyá ó ṣe é dín nǹkan.

Dókítà dá ìgbìmọ̀ ìwádìí ọ́ìlì sílẹ̀ níbẹ̀ níbẹ̀, èèyàn méje, òun ni alága. Ó fi àwọn afọnfèrè méjì ṣọ́ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìda pupa lẹ ideri táǹkì pa, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ìlú lé e, kìnnìún méjì tó di ìgbálẹ̀ mú. Kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, wọ́n da lítà méjì míì sí i. Gerlinde mú ìwé kejì wá. Dókítà fọwọ́ sí i lórí ẹ̀yìn Knapp, láìdúró.

Bí ẹnì kan bá ti lẹ̀kùn, tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, tó wá bá yàrá ní òfìfo, yóò ronú. Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta, wọ́n yẹ òǹtẹ̀ wò níwájú gbogbo ènìyàn. Kìnnìún méjèèjì ṣì di ìgbálẹ̀ mú. Àwọn afọnfèrè búra pé eṣinṣin kan kò bà lé ọkọ̀ náà láìjẹ́ pé àwọn béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n já ìda. Dókítà fa gééjì yọ.

Ó tún gbẹ.

Ẹnì kan dá jíjẹ brezel dúró. Dókítà di gééjì náà mú, ìbẹ̀rù sì wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ìbẹ̀rù kékeré kan tó mọ́gbọ́n wá, tí ì bá jẹ́ pé ó gbà á láyè ni ìtàn yìí ì bá parí síbí. Ó wo ojú Gerlinde. Gerlinde la ẹnu.

Knapp yára jù ú lọ. Ẹ jẹ́ n sọ àṣírí kan fún yín nípa Knapp. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ náà, ó bá ìwé ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì kà á ní ojú-ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà: gbígbóná, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rántí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó dá ìwé náà padà síbi tó ti mú un, ó nu ọwọ́.

"Dókítà!" ó kígbe báyìí. "Ó hàn gbangba! Kò sí olè! Lorle ló ń mu ún! Ọkọ̀ náà mọ ẹni tó máa wà á lọ́jọ́ Àìkú, ayọ̀ ń pa á, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́!"

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ojú Dókítà là. Ìbẹ̀rù kékeré náà rí ẹnu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Mo ti fura," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́. "Mo ti fura pé nǹkan báyìí ni. Ẹ fún un mu!"

Lítà méjì míì. Ó di lítà méje lórí èyí tó ti pé tẹ́lẹ̀. Gerlinde dí Dókítà lọ́nà ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ìlú.

"Dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tèmi sílẹ̀, ẹ wo ti Mama Hedwig. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tan ọkọ̀ yẹn, gbogbo ọ́ìlì tẹ́ ẹ ń dà sí i máa padà sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní gbà á. Ó máa tú jáde, ó máa wọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, èéfín tó máa yọ níbẹ̀..."

"Èéfín!" Dókítà rẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí, ìlara ni, àbí kí ni? Láti ọjọ́ Ajé, ọgbà ìsìnkú ni wàá ti máa ṣiṣẹ́. Lọ máa tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò ní bá ẹ jiyàn."

"Ó dáa, sà," ni Gerlinde wí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì na ìwé kẹta sí i. Dókítà fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, ó rò pé ìwé ìgbéniláti-ibìkan-sí-ibòmíràn ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Àìkú dé. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo. Dókítà fúnra rẹ̀ ló to àga ìgbìmọ̀ ẹkùn. Ó tò wọ́n sẹ́yìn Lorle, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré sí ìdí rẹ̀, kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lè máa wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ bó ti ń gòkè sínú ògo. Wọ́n wá nínú aṣọ Àìkú: lẹ́ẹ̀sì funfun, kóòtù aláwọ̀ eérú, fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ sí. Ìyáàfin Gaiser wá láti Unterlauben nínú aṣọ aláwọ̀ wàrà. Wọ́n ti Mama Hedwig wá lórí kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ottokar," ni mama náà pè é, torí òun nìkan ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó gbóná nígbà tẹ́ ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀?"

"Mama, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlànà ìlú la tẹ̀ lé."

"Mi ò béèrè ìlànà. Mo ní ṣé ó gbóná?"

"Ẹ fún Mama ní brezel," ni Dókítà wí.

Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó fi ara rẹ̀ wé ẹ́ńjìnnì, ó fi ìlú wé táyà, ó fi ìgbìmọ̀ ẹkùn wé ọ̀nà tó tẹ́jú tí táyà ń gbà. Nígbà tó yá, ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ̀wọ̀n oyè sórí àyà kó lè hàn ní fèrèsé, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Lorle wúkọ́, ó jí, ó sì kọrin. Ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ara Mama Hedwig fi gbọ̀n. Bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, Dókítà Mögerle jẹ́ ohun tó rò pé òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé.

Èéfín kọ́kọ́ yọ ní sàlẹ́ńsà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, aláwọ̀ aró. Ó di ìrù. Ó wá di ògiri. Èéfín funfun kìjikìji tú lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó gbé ìlà àga àkọ́kọ́ mì, ó gbé ti ẹ̀yìn mì, ó gbé àsíá mì. Ìgbìmọ̀ ẹkùn wọ inú rẹ̀ lọ, mọ́kàndínlógójì lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì rí wọn mọ́. Ikọ́ wọn nìkan là ń gbọ́. Knapp nìkan ló bọ́ nínú wọn. Ó ti lọ jókòó sí ẹnu ilé ọtí ní òdìkejì láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ó ní oòrùn ń pa òun.

Kí ni Dókítà ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ó wo dígí ẹ̀yìn. Ó rí funfun, ó rí nǹkan tó ń mì lẹ́gbẹlẹ́gbẹ nínú funfun náà. Ó ní: "Ẹ wo bí wọ́n ti ń ju áńkáṣífì sí mi!" Omijé ayọ̀ lé sí i lójú. Kó lè fi ẹ̀mí ìmoore hàn, ó tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ gan-an.

Èyí tó ti jáde tẹ́lẹ̀, àwàdà ni. Lorle hó, ó fò síwájú bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó tu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kú. Ọ́ìlì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí ọjà tó tẹ́jú nínú àwòrán, ó kọjá lábẹ́ bàtà àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n ń jáde nínú èéfín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ̀ ṣubú, wọ́n ń di ara wọn mú, wọ́n sì ń jọ yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ní méjìméjì, títí dé ẹnu ọ̀nà olóògùn. Aṣọ aláwọ̀ wàrà Ìyáàfin Gaiser ti di aṣọ awọ ẹtù. Afọnfèrè ńlá ṣe àṣìṣe, ó fa èémí sínú, èéfín sì ń jáde nínú fèrè rẹ̀ bó ti ń fọn.

Dókítà jáde nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ fún àtẹ́wọ́. Ìgbà náà ló tó rí wọn.

"Ọ̀tẹ̀ ni!" ó ké. "Wọ́n dìtẹ̀ mọ́ mi! Mẹkáníìkì yẹn ni! Ta ló da ọ́ìlì tó pọ̀ báyìí sínú ọkọ̀ yìí? Kí wọ́n mú un wá!"

Wọn ò ní láti mú un. Gerlinde ti dúró níbẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan, koríko ọgbà ìsìnkú ṣì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó yọ ìwé mẹ́ta nínú àpò àyà, ó sì fi wọ́n lé Mama Hedwig lọ́wọ́.

Mama náà gbé awò sójú. Ohùn tó fi ń pe àwọn ọkùnrin níjà ní 1971 ló fi kà á.

"'Èmi Gerlinde Wurster sọ fún ọ̀gá mi pé wíwọn ọ́ìlì Lorle ní tútù kò tọ́. Ọ́ìlì ibẹ̀ pé. Èyí tí a ń dà sí i yóò pọ̀ jù, yóò sì di èéfín lọ́jọ́ tí a bá tan án.' Ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ o. 'Mo ti kà á. Ó yé mi. Ọrùn mi ló wà. Dókítà Ottokar Mögerle.'" Ó ṣí èkejì. "'Mo ti kà á. Ó yé mi. Ọrùn mi ló wà. Dókítà Ottokar Mögerle.'" Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó wò ó, ó wo Dókítà. "Ottokar, àbí o ò gbọ́ èdè tí o fi kọ ìwé ńlá rẹ yẹn ni?"

Ìyáàfin Gaiser ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó nílẹ̀ nínú ọ́ìlì, ojú rẹ̀ dúdú, ó di ikùn mú. Ẹ̀rín náà gba ìgbìmọ̀, ó gba ọjà, ó gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngán ìlú lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lójú fèrèsé. Ènìyàn ti bínú sí Dókítà rí, wọ́n ti bú u rí, ìyẹn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀rín ni kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó dúró sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń wá ojú kan tó lè bá a bínú, kò rí.

Gerlinde kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ní kí wọ́n bá òun ti Lorle lọ sí ọgbà iṣẹ́. Ó fa ọ́ìlì tó pọ̀ jù jáde, ó nu gbogbo ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, ó pààrọ̀ àwọn ohun tí wọ́n fi ń tanná. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wà á yípo òkè náà lẹ́ẹ̀mejì títí ara ọkọ̀ náà fi gbóná, Mama Hedwig wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí èèyàn mẹ́ta ló gbé mama náà wọlé. Ó dúró sórí ilẹ̀ títẹ́jú kan, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa kùn, ó fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó sì fà á yọ padà. Ọ́ìlì dúró sáàárín àmì méjèèjì.

"Ó pé?" ni mama náà béèrè.

"Ó pé, Mama."

Ní ọjọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ẹkùn dìbò. Àwọn kan ṣì ń wúkọ́. Wọ́n ka ìbò náà sókè ketekete: Ìyáàfin Irmela Gaiser, ogójì. Dókítà Ottokar Mögerle, ọ̀kan. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbìyànjú láti pe "ọ̀kan" náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò gbà fún un.

Dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà tuntun ń ta á lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí Knapp fi sáré bá a, agboorùn lábẹ́ apá, ó sì tẹ̀ ba títí.

"Dókítà, ayé ò mọ iyì yín," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan. Ìbò kan yẹn, èmi ni. Mo dì í tọkàntọkàn."

Dókítà wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló di ìbò kan náà. Ó ti fi kálámù tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

"Knapp."

"Dókítà mi."

"Èmi ni mo di ìbò yẹn."

Knapp na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tó lè tún sọ tẹ̀ lé gbólóhùn náà.

"Ọ́ìlì yẹn," ni Dókítà wí. "Ṣé ìwọ náà mọ̀?"

"Ojú-ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, sà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà fi ọwọ́ kan ògiri. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú àánú, kì í ṣe ojú ọgbọ́n, kì í ṣe ọ̀kankan nínú èyí tó ti dán wò níwájú dígí.

"Ọdún méjìlá," ó wí. "Ta ló ní kí o máa purọ́ fún mi?"

Knapp ronú sí i, torí ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn.

"Ẹ̀yin ni, sà," ó wí. "Lójoojúmọ́."